Apá Kejì Tí Ọmọ Wa Bẹ̀rẹ̀ Láàárín

Géèmù ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti fẹ́ máa kọjá lọ, pé kí ló kan géèmù nínú ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́. Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ fún wa díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbé wa dé ibi tí àwa fúnra wa kò rò pé a máa dé.

Nígbà ìsinmi tó kọjá ni àkọ́bí wa, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wá bá wa pé òun rí géèmù kan tí wọ́n ti dín owó rẹ̀ kù. The Banner Saga 2 ni orúkọ rẹ̀. Kò kàn dédé béèrè bẹ́ẹ̀. Ó ti lọ ka ohun tí àwọn alámèyítọ́ sọ nípa rẹ̀, ìyẹn àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbá géèmù dé òpin, kí wọ́n sì wá sọ fún aráyé bóyá ó tó owó rẹ̀. Ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló yìn ín, pé tí èèyàn bá ro máàkì wọn pọ̀ tó sì pín in, ó máa tó nǹkan bíi 80 nínú 100. Ọmọ tó máa ń gba 62 nínú ìṣirò wá ń fi 80 dù wá lóhùn! A rẹ́rìn-ín, a ní kó dára. A fi káàdì ẹ̀gbọ́n kan san owó náà, a sì dá owó rẹ̀ padà fún un.

Ọjọ́ kejì, ọmọ ti ń wú ẹnu. A bi í pé kí ló dé. Ó ní kò yé òun. Ó ní gbogbo àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀ ẹnì kan tí òun kò mọ̀, wọ́n ń dárúkọ ìlú tí òun kò dé rí, wọ́n sì ń wo òun bíi pé òun ló ṣe wọ́n. Nígbà tí a jókòó tì í, tí a ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí a rí i, a rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Bí géèmù náà ṣe ń ṣí, ó bi í pé ta ni kó jẹ́ aṣáájú: ṣé Rook ni, baba kan tó jẹ́ ọdẹ, àbí Alette, ọmọbìnrin rẹ̀? Ọmọ wa ti tẹ Rook, nítorí pé ó dàgbà, ó sì ní irùngbọ̀n. Kò mọ̀ pé nígbà tí òun tẹ baba, ọmọ ni òun pa. Ní òpin apá kìíní, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ ta ọfà kan báyìí, ẹni tó bá sì ta á, kò ní padà wá. Ẹni tó bá ti gbá apá kìíní ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan èyí, ó ti sunkún rẹ̀ tán, kọ̀ǹpútà á sì kó gbogbo ohun tó yàn lọ sínú apá kejì fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láàárín, bíńtín ni wọ́n máa fi bi í léèrè, bí ìgbà tí èèyàn ń yan adùn ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ohun tí a rí yìí ni àwọn alámèyítọ́ ti kọ sílẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 2016 tí géèmù náà jáde. Ọmọ wa ka 80, kò ka ìyókù.

Kí a ṣàlàyé irú géèmù tó jẹ́ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ti ń sáré tí wọ́n ń yin ìbọn. Bí ayò ni. Àwọn Akan tí à ń bá gbé ní Kumasi níbí ń pè é ní oware, ẹ sì mọ bí àwọn àgbà ṣe ń ta á: ìwọ ta tìrẹ, èmi ta tèmi, kò sẹ́ni tó ń lé ẹnì kejì, ẹni tó bá ronú jìnnà ló máa jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ogun inú The Banner Saga. Wàá to àwọn ọmọ ogun rẹ sórí ilẹ̀ onígun mẹ́rin mẹ́rin, wàá gbé ẹnì kan, ọ̀tá náà á gbé ẹnì kan. Agbára tí ẹnì kan fi ń jà náà ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ń lù ú tó, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tirẹ̀ náà á ṣe máa rọ. Ìdí nìyẹn tí ìlànà ogun náà fi ní èékánná kan tí àwọn alámèyítọ́ ń jiyàn lé lórí láti apá kìíní: nítorí pé ìhà méjèèjì ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, ó sàn kí èèyàn fi ọ̀tá tó ti rọ sílẹ̀ láìpa á, kí ó máa gba ìtakọ́ àwọn tó lágbára ní ìhà tirẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn kan ní ọgbọ́n ńlá ni. Àwọn kan ní kò bójú mu, pé ibo ni wọ́n ti ń ja irú ogun bẹ́ẹ̀. Tiwa ni pé ẹni tó bá ti rí bàbá àgbà kan tó fi ọmọ ayò kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú ilé láti fi dẹkùn, ọ̀rọ̀ náà kò ní yà á lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ogun kọ́ ni ọkàn géèmù náà. Ìtàn ni. Oòrùn dúró sójú kan, kò wọ̀ mọ́. Àwọn ẹ̀dá olókùúta ń jáde wá láti àríwá, ayé sì ń fọ́. Àwọn èèyàn àti àwọn òmìrán oníwo kó ẹrù wọn, wọ́n ń rìn. Ìwọ lo ń ṣáájú wọn. Lójú ọ̀nà, ohun kan á máa ṣẹlẹ̀: ẹni kan jalè oúnjẹ, kí ni ká ṣe fún un? Àwọn àlejò kan fẹ́ darapọ̀ mọ́ wa, ṣé kí a gbà wọ́n? Ohun tí wọ́n ń pè ní òkìkí, tí o rí níbi ogun, òun náà lo máa fi ra oúnjẹ, òun náà sì lo máa fi gbé àwọn jagunjagun rẹ ga. O kò lè ṣe méjèèjì tán. Tí oúnjẹ bá tán, iye èèyàn tó wà lórí ojú kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù ní ojoojúmọ́.

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó kúrò ní ilé iṣẹ́ BioWare ló dá ilé iṣẹ́ tó ṣe é sílẹ̀, Stoic ni orúkọ rẹ̀, ní Austin ní ìpínlẹ̀ Texas. Ní ọdún 2012 wọ́n tọrọ 100,000 dọ́là lọ́wọ́ gbogbo ayé lórí Kickstarter, àwọn èèyàn sì dá iye tó lé ní 700,000 fún wọn. Apá kìíní jáde ní oṣù kìíní ọdún 2014. Àwòrán rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi ọwọ́ yà, ó jọ àwòrán àwọn fíìmù Disney àtijọ́. Austin Wintory ló ṣe orin rẹ̀. Nígbà tí apá kejì dé, àwọn alámèyítọ́ yìn ín pé ogun rẹ̀ ti ní oríṣiríṣi ju ti àkọ́kọ́ lọ, pé kì í ṣe kí wọ́n kàn máa pa ara wọn títí tí ọ̀kan á fi tán. Wọ́n yìn ín pé ohun tí èèyàn bá yàn ń wúwo sí i. Lópin ọdún 2016, ó wà lára àwọn márùn-ún tí wọ́n dárúkọ fún géèmù ọgbọ́n ogun tó dára jù ní The Game Awards, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Civilization VI ló gba ẹ̀bùn náà.

Ìkùnsínú wọn náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní àárín ìtàn ni, kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, kò sì ní òpin tirẹ̀. Wọ́n ní orúkọ pọ̀ jù fún àlejò. Wọ́n ní nígbà tó yẹ kí ọkàn èèyàn balẹ̀, ó pa ìlẹ̀kùn dé, ó ní kí wọ́n padà wá fún apá kẹta.

Ẹ̀yin tó ń gbé Kumasi kò ní ṣe àlàyé èyí fún ara yín lẹ́ẹ̀mejì. Ìlú wa ni ilé Kumawood. Ta ni kò tíì jókòó wo fíìmù Agya Koo kan títí, tó wá rí i pé wọ́n kọ "Apá 2" sí ojú amóhùnmáwòrán ní ibi tó dùn jù, tó sì gbọ́dọ̀ padà lọ sí Adum lọ́jọ́ kejì lọ ra èyí tó kù? Àwọn fíìmù Yorùbá tí a ń wò nílé náà kò yàtọ̀. A máa ń bú wọn, a sì tún máa ń rà á. Ìyàtọ̀ kan ló wà: ẹni tó ń ta fíìmù ní Adum kò ní gbé apá kejì lé ọ lọ́wọ́ láìbi ọ́ bóyá o ti wo èkíní. Íntánẹ́ẹ̀tì kì í bi èèyàn.

Ìyìn kọ́ sì ni owó. Pẹ̀lú gbogbo 80 yẹn, àwọn tó ṣe géèmù náà sọ ọ́ fúnra wọn pé ọjà apá kejì kò yá bíi ti èkíní. Ní 2017 wọ́n tún padà lọ na ọwọ́ lórí Kickstarter kí wọ́n lè parí apá kẹta, àwọn èèyàn sì dá iye tó lé ní 400,000 dọ́là. Apá kẹta jáde ní oṣù keje 2018. A kò rò pé ó ṣòroó mọ ìdí tí ọjà fi dúró. Ẹni tí kò ra èkíní kò ní ìdí láti ra èkejì, àwọn tó ra èkíní tí wọn kò gbá a tán sì pọ̀ lọ jàra. Ẹ wo àwọn ìwé tó wà lórí pẹpẹ ilé yín, kí ẹ sọ òótọ́ fún wa.

Ọ̀rọ̀ kan tún ń dùn wá, ẹ jẹ́ kí a tètè sọ ọ́ kí a kọjá. Nínú oṣù kẹrin 2016 yẹn kan náà, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, ni àwọn ọmọ Kamẹrúùnù kan ní Yaoundé, Kiro'o Games, gbé géèmù tiwọn jáde, Aurion. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn alámèyítọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ní KNUST tó wà nínú ìlú wa níbí ni Eyram Tawia ti kàwé kí òun àti Wesley Kirinya ọmọ Kenya tó dá Leti Arts sílẹ̀ ní 2009, tí wọ́n ń fi ìtàn Anansẹ àti àwọn akọni ilẹ̀ wa ṣe géèmù. Ọmọ wa tó ka ohun tí wọ́n kọ nípa géèmù Texas kan kò gbọ́ orúkọ yìí rí, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tróótro kan ṣoṣo ni láti ilé wa dé KNUST.

Ó dára. Èyí tó mú wa kọ abala yìí gan-an ló kù.

Ìyá àgbà ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a ń sọ yìí, wọ́n wà lórí àga wọn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, ojú wọn sì wà lára kọ̀ǹpútà. Wọ́n rí ọ̀wọ́ èèyàn tó ń lọ, àsíá gígùn kan lórí wọn, ẹrù, ọmọdé. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Àkànní, níbo ni wọ́n ń lọ?"

"Wọ́n lé wọn kúrò nílé ni, Màmá. Ẹ̀dá olókùúta ló lé wọn."

"Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún wọn?"

Ọmọ náà ò lóye ìbéèrè náà. Àwa lóye rẹ̀, nítorí pé a mọ ibi tó ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í sọ ọ́ nínú ilé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia kéde pé gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní Ghánà gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kí wọ́n jáde. Ọmọ ọdún méjìlá ni Ìyá àgbà. Kumasi ni wọ́n bí wọn sí, Twi ni wọ́n fi ń bá ẹgbẹ́ wọn ṣeré, wọn kò sì tíì fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí tí wọ́n ń pè ní ilé wọn. Ìyá tiwọn ń ta wọ̀rọ̀bọ̀ nínú ọjà ńlá ní Kejetia.

Ẹ mọ̀ pé ọmọ wa ti ń jìyà ọ̀rọ̀ kan ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan máa ń sọ fún un pé àwọn ará Nàìjíríà yín ló lé àwọn bàbá wa ní 1983. Òótọ́ ni. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn, ìjọba Shehu Shagari lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Ghánà. Láti ibẹ̀ ni àpò onílà yẹn ti gba orúkọ, Ghana Must Go, tí a ṣì ń kó aṣọ sí títí dòní. Ọmọ náà mọ 1983. Kò mọ̀ pé 1969 ti ṣáájú. Apá kejì nìkan ló ní lọ́wọ́, ó sì ti gbà pé àwa ni ọ̀tá inú ìtàn náà.

Ní alẹ́ yẹn, Ìyá àgbà sọ apá kìíní. Wọ́n ní àwọn oníbàárà tó jẹ ìyá wọn ní gbèsè kò wá sanwó, torí wọ́n mọ̀ pé ó ń lọ. Wọ́n ní alábàágbé wọn, obìnrin Asante kan, ló bá wọn tọ́jú ẹ̀rọ ìránṣọ, tó sì gbé e fún wọn padà nígbà tí wọ́n padà sí Kumasi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé wọn. Kí ọkọ̀ tó gbéra, obìnrin kan tó gbé ọmọ ọwọ́, tí ọkọ rẹ̀ kò sí nítòsí, bẹ ìyá wọn pé kí ó mú òun mọ́ra. Ó mú un mọ́ra. Gàrí tí wọ́n dì fún ẹni márùn-ún di ti ẹni méje. Ó tán ní Lomé. Ìyá wọn tú aṣọ òkè tó fi ṣe ìyàwó jáde nínú ẹrù, ó tà á sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó fi ra búrẹ́dì.

Ọmọ wa ní, "Màmá, ṣé ó dáa bí wọ́n ṣe gba obìnrin náà?"

Ìyá àgbà ní, "Èmi ni mo gbé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ dé Ìbàdàn. Báwo ni ng ṣe máa sọ pé kò dáa?" Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n ní, "Àmọ́ ebi pa mí. Mo bínú sí i títí."

Wọ́n wá ṣe lámèyítọ́ tiwọn fún géèmù náà, a kò sì tíì rí alámèyítọ́ tó sọ ọ́ báyìí. Wọ́n na ìka sí iye tó wà lókè ojú kọ̀ǹpútà, iye àwọn tó ń rìn. Wọ́n ní, "Èyí ló kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n kọ ọ́ pé ọgọ́rùn-ún kan dín. Èwo nínú wọn ni? Ọmọ ta ni?" Wọ́n ní ti ìyàn oúnjẹ, ó jọ ọ́. Ti pé ẹni tó ṣáájú kò mọ ohun tó wà níwájú, ó jọ ọ́. Wọ́n ní oòrùn tó dúró sójú kan náà jọ ọ́, pé báyìí ni ọ̀sán ṣe rí lórí ọkọ̀ akẹ́rù.

Ẹ̀yin òbí tó bá fẹ́ ra géèmù yìí, ohun tí a rí nìyí. Ẹ má fi apá kejì bẹ̀rẹ̀, iye yòówù kí wọ́n dín kù lára owó rẹ̀. Ẹ ra apá kìíní, ẹ jẹ́ kí ó parí rẹ̀, kí ẹ rí i pé orí kọ̀ǹpútà kan náà ló ń gbá méjèèjì, kí ohun tó yàn lè bá a lọ. Ìjà àti ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọtí náà wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ti ọmọ ọdún 13 sókè ni wọ́n fi í sí, àwa náà kò sì ní fún àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ mẹ́sàn-án. Ìwé kíkà pọ̀ nínú rẹ̀, Òyìnbó rẹ̀ kò sì rọrùn; ọmọ tí kò fẹ́ kàwé kò ní gbádùn rẹ̀. Tó bá ṣeé ṣe, kí àgbàlagbà kan jókòó tì í. Bí ẹ bá sì ń ka ohun tí àwọn alámèyítọ́ kọ, ẹ fo máàkì, ẹ lọ tààrà sí ibi tí wọ́n ti ń kùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ irú ẹni tí ohun náà kò wà fún.

A ti ra apá kìíní fún un. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n máa ń gbá a, òun àti Ìyá àgbà, àwa a sì máa gbọ́ wọn láti ilé ìdáná tí wọ́n ń jiyàn lórí oúnjẹ àwọn èèyàn tí kò sí. Sátidé tó kọjá ni wọ́n dé ibi ọfà náà. Géèmù bi í pé ta ni kó ta á, baba ni àbí ọmọ. Ó wo Ìyá àgbà. Ìyá àgbà ní kí ó pa kọ̀ǹpútà náà, pé ilẹ̀ ti ṣú, kí àwọn sùn sí i ná.